Omi Tó Ń Jò Lẹ́yìn Ògiri Yàrá Ìyá

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Olùkọ́ ni mí níbí, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ọkọ mi kó wọ ilé tiwa. Parakú ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Lọ́dún tó kọjá, a mú ìyá rẹ̀ wá láti Kaboua torí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Yàrá tó fẹ̀ jù la fún wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà àti ilé ìwẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá fi sọ pé ògiri àwọn tutù. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù lóòótọ́. Ṣé kì í ṣe àsìkò òjò la wà ni? Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n tún sọ pé aṣọ àwọn ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo sá a sóòrùn, ó tán.

Robinẹ́, ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ náà, ti ń kán tó, tó, tó, láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí abọ́ bá kún, mo fi omi rẹ̀ fọlẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n!

Nígbà tí Ìyá sọ ọ̀rọ̀ ògiri lẹ́ẹ̀kẹrin, mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ní ìyá rẹ̀ kàn ń wá àwáwí láti padà sí Kaboua ni. N kò mọ̀ pé wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé. Wọn ò padà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dé láti iléèwé, mo wọ yàrá wọn láti gbálẹ̀. Sìmẹ́ńtì ara ògiri ti ya lulẹ̀, odindi, sórí ibi tí wọ́n máa ń gbé orí lé. Mo jókòó sílẹ̀.

Mo pe Rájí, plọ́mbíyè tó ń tún páìpù omi ṣe ládùúgbò wa. Ó ti gbogbo robinẹ́ pa, ó wá mú mi lọ síta, síbi kọ̀ńtọ̀ tó ń ka omi tó ń wọlé. Ó ń yí! Bí ẹnikẹ́ni ò bá lo omi, tí kọ̀ńtọ̀ ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan nìyẹn. Ó fọ́ ògiri, ó bá oríkèé páìpù tó ti dípẹtà. Ó ní kì í ṣe robinẹ́ tó ń kán ló fà á, ṣùgbọ́n ká ní mo pe òun wá tún un ṣe ni, òun ì bá rí èyí náà. Ó bi mí ìgbà tí wọ́n wo páìpù ilé náà gbẹ̀yìn. Mo ní a ò tíì wò ó rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà sẹ́míjàn lọ sí Kaboua. Mo bá Ìyá níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n wá dá mi lóhùn:

“Ìyàwó mi, ògiri kọ́ ló lé mi. Ọ̀rọ̀ tí o bá ọmọ mi sọ ni.”

Wọ́n ní àwọn á wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Wọ́n bu ẹ̀wà fún mi, mo padà sílé.

Rájí ti tún páìpù àti robinẹ́ náà ṣe, ògiri ti gbẹ, a ti rẹ́ ẹ. Yàrá ṣófo.

Ní báyìí, lóṣooṣù, mo máa ń ti robinẹ́ pa, mo lọ wo kọ̀ńtọ̀, mo fọwọ́ kan gbogbo oríkèé páìpù tí ọwọ́ lè tó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ará ilé yín bá sì ní nǹkan ń tutù, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ fún yín nínú ilé tí ẹ ò tètè gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.