Ibi Tí Bàbá Sin Ẹsẹ̀ Télọ̀ Sí

Abẹ́rẹ́ ló mú ẹsẹ̀ náà lọ. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó kán, tó jábọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí Télọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn kú lára rẹ̀ tipẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú sálúbàtà. Egbò náà kọ̀, kò jinná, ó dúdú, ó ń rùn. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí wọ́n lọ wá ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Bàbá Télọ̀ ló gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbé e sínú àpótí, ó lọ sin ín. Kò mú ẹnikẹ́ni dání.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́ nígbà tó wà lára olówó rẹ̀, ìgbà tó lọ tán ló wá ń mọ gbogbo nǹkan lára. Ó ń yún. Ó ń tutù bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ odò. Àtàǹpàkò ló burú jù. Ó ká sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bíi ti ọmọ tí bàtà fún, kò fẹ́ nà. Télọ̀ á bojú wolẹ̀. Ilẹ̀ ló máa rí.

Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì nìkan tẹ máṣíìnì. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó wẹ̀ lórí àga oníke. Ó ti kọ́ ẹ̀rín pẹ̀lú. Oníbàárà kan bi í pé, "Télọ̀, tẹ́ ẹ bá rán ṣòkòtò ara yín, aṣọ kì í ṣẹ́kù ni?" Ó ní, "Ó ń ṣẹ́kù. Mò ń kó o jọ kí n fi rán ìbòmú sí ẹ lẹ́nu."

Ṣùgbọ́n bí òsì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì, ọ̀tún tí kò sí á dìde, á máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ìka á tún ká sí i. Ojú ìrán á wọ́. Ṣòkòtò mẹ́ta ló tú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n fún un wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà, ó dúró bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Bó bá wọ̀ ọ́, ó máa ń dà bíi pé ẹsẹ̀ méjì ló há sínú ẹyọ kan.

Ó wá dá a lójú pé bàbá sin ẹsẹ̀ náà ní kíká. Ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe tẹ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Mo nà án."

"Káfíńtà tó kan àpótí ẹsẹ̀ náà ní ẹ ò wọn nǹkan kan. Ó ní ojú lẹ fi díwọ̀n àpótí yẹn, ó sì kúrú."

"Mo ní mo nà án."

"Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi nígbà náà."

"Tí mo bá júwe ẹ̀, ibẹ̀ lo máa máa gbé. Ọmọ mi, èyí tó kù ni kó o máa fi rìn."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa," ni Télọ̀ wí.

Ọmọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá. Ó ti jáde lẹ́nu ná. Bàbá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin sígbà náà tí bàbá sùn tí kò jí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnu géètì ni wọ́n gbé Télọ̀ jókòó sí nítorí egbò ibi tí wọ́n gé tún ya. Kò rí kòtò náà.

Ọdún kan kọjá. Ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fún ìbàdí ẹ̀. Òkú ò wá lóṣù yìí, mo ti rù."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó na téèpù. Ibẹ̀ ni ìka náà ti ká. Ó di tábìlì mú. "Bàbá yìí, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ta lẹ̀ ń bá wí?"

Ìyàwó Télọ̀, tó ń di bọ́tìnnì, ló fèsì. "Bàbá ẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni."

Agbẹ́sàréè ká ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bú u mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n ó ti tó. Ilẹ̀ tó rà sílẹ̀ fún ara ẹ̀ ló sin ẹsẹ̀ yín sí. Nígbà tí mò ń gbẹ́ tiẹ̀, ọkọ́ mi kan àpótí yẹn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà tẹ́ ẹ lọ tán, mo gbé e lé pósí, níbi ẹsẹ̀ bàbá."

"Ṣé o ṣí i?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣí níbẹ̀? Ṣé ẹran ni?"

"Màá hú u."

"Ẹ hú kí ni?" Ìyàwó rẹ̀ ti dìde. "Ẹni tó ti sùn, ẹ fẹ́ lọ jí i?"

"Èmi tí mi ò tíì sùn látọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Obìnrin náà wò ó. Ó jókòó padà sídìí bọ́tìnnì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ. Oòrùn mú. Agbẹ́sàréè gbẹ́ ibi ẹsẹ̀ nìkan, Télọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Nígbà tí ilẹ̀ mú ọkùnrin náà dé àyà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí náà sókè.

Káfíńtà ò purọ́. Àpótí náà kúrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ti fi òòlù gbá pátákó ìdí rẹ̀ dànù, ó sì kan páànù mọ́ ọn kó lè gùn. Ikán ti jẹ ìdérí. Nínú rẹ̀, eegun. Ó wà lórí pátákó pẹlẹbẹ kan, ó gùn gbọọrọ, ọ̀já aṣọ tó ti rà yí i ká bí ìgbà tí wọ́n bá to eegun tó ṣẹ́. Ìka kọ̀ọ̀kan ni bàbá fi òwú dúdú dì mọ́ pátákó. Òwú ọ̀rá ni, òwú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Kò jẹrà. Àtàǹpàkò nà tààrà.

"Ó nà, ẹ̀gbọ́n," agbẹ́sàréè wí láti inú kòtò.

Télọ̀ ronú nípa arúgbó tó jókòó níbì kan lóun nìkan, tó ń fi òwú so ìka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Arúgbó yẹn ló pè ní onírọ́.

Ó tẹ̀ síwájú sórí kòtò. "Bàbá, ẹ má bínú."

Níbẹ̀ gan-an, lójú eegun tó nà gbọọrọ yẹn, ìka náà tún ká.

"Kí n gbé e padà?"

"Gbé e padà sí ibi ẹsẹ̀ wọn."

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti nà?"

"Ó ti nà tipẹ́."

"Ìka ńkọ́?"

Ó mi orí pé ó ṣì ká. Látọjọ́ yìí lọ, kò mọ ẹni tí yóò máa bú. Ìyẹn wúwo ju ìrora lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Obìnrin náà fa àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ orúnkún, níbi tí wọ́n gé, sínú òfìfo. Ó rọra di ọwọ́ náà bí ẹni tó mú nǹkan.

"Ibí?"

"Sísàlẹ̀ díẹ̀."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ibí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni," Télọ̀ wí. "Rọra. Ó ń dùn mí."