Eruku Inú Kòtò Àpáta

Àdìjátù, ìyá Sàrátù, ló ń gbálẹ̀ yàrá sáyẹ́ǹsì ní iléèwé gíga kan ní Ṣakí lọ́dún 1982. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Ràsáàkì ọkọ rẹ̀ ti wábi gbà lọ sí Àbíjàn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì kọ. Iléèwé wá fẹ́ rán Àdìjátù lọ sí Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìgbálẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ fárígá. Bí Ràsáàkì bá dé, ta ni yóò bá nílé? Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá iléèwé lésì, ọ̀rọ̀ sì pèsì jẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mísì Ọmọ́wùmí, tíṣà sáyẹ́ǹsì iléèwé náà, ń wá ẹ̀dá inú omi tí àwọn ọmọ yóò fi awò asọ-kékeré-di-ńlá wò. Ọyẹ́ ti mú gbogbo odò gbẹ. Àdìjátù ní kóun bu eruku wá láti inú kòtò àpáta táwọn ń sá èlùbọ́ sí, nítorí omi ibẹ̀ máa ń láwọ̀ ewé nígbà òjò. Wọ́n bu omi kànga lé e.

Lọ́jọ́ kejì, Mísì ní kí ẹni tó ni eruku kọ́kọ́ wò ó. Àdìjátù di ojú kan. Ohun abẹ̀mí ló rí, ara wọn mọ́ gaara débi pé ìfun wọn hàn. Wọ́n fi ìka kéékèèké ìdí ẹsẹ̀ di koríko mú, irun orí wọn ń yí bíi táyà kẹ̀kẹ́, ó ń fa oúnjẹ wọlé, eyín tó wà lọ́fun wọn sì ń lọ̀ ọ́ láìsinmi. Mísì ní inú eruku yẹn ni wọ́n gbẹ sí láti ìgbà òjò. Ó ní oríṣiríṣi ni wọ́n: àwọn kan ní ìkarahun, àwọn mìíràn a kọ́lé ara wọn, wọn kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Àdìjátù béèrè èwo ni akọ. Mísì ní irú èyí kò lákọ, abo ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń bímọ. Àdìjátù rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mísì, níbi tí wọ́n gbẹ sí yẹn, ṣé wọ́n ń retí ẹnì kan ni?"

"Rárá, Ìyá Sàrátù. Wọ́n kàn gbẹ ni. Omi tó bá kàn wọ́n ni wọ́n fi ń jí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ohun tó ti ń pè ní sùúrù láti ọdún mẹ́sàn-án, gbígbẹ lòun náà gbẹ.

Nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Ìbàdàn, Sàrátù yóò wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní bí Ràsáàkì bá wá dé ńkọ́?

"Ẹ fún un lóúnjẹ, ìyá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró dè é. Òun náà á lè fi oṣù mẹ́ta dúró dè mí."