Páìpù Abẹ́ Koríko

Ó fi àtàǹpàkò kan orí ọ̀pá irin náà. Kò tíì tì í. Ó gbé ọwọ́ kejì lé e, ó mí, ó wá ń rọra tì í wọlẹ̀ bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ọwọ́. Koríko. Amọ̀. Amọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ìró kékeré kan, bí ìgbà tí èèkánná bá kan àwo. Delmar Wenninger dúró. Ó ti rí páìpù bàbá àgbà rẹ̀.

Ardith ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní ó kù díẹ̀ kí ọkọ òun fi ọ̀pá yẹn ṣe ìyàwó kejì.

Irà ni gbogbo apá Ohio níbẹ̀ nígbà kan. Àwọn baba ńlá wọn ló fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, tí wọ́n to páìpù amọ̀ sábẹ́ oko kí omi lè rí ọ̀nà dé kòtò ẹ̀bá títì. Wọ́n kú. Àwọn ọmọ ta oko. Ilé hù níbi tí àgbàdo ti ń hù. Páìpù ò mọ̀ pé wọ́n ti ta ilẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Títí di ìgbà ìwọ́wé yìí.

Delmar ti ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe kí òtútù tó dé. Ó gun àkàbà, ó kó ewé jíjẹrà kúrò létí òrùlé. Ó fi réèkì kó ti ilẹ̀ lọ sẹ́bàá títì de ọkọ̀ ìlú tó ń fa ewé. Ó gé àwọn òdòdó tó ti kú. Síbẹ̀, omi jókòó sẹ́yìn ilé bí àlejò tó ti tẹ́ ẹní. Ó ti wọ yàrá abẹ́ ilé, ó ti ba ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná jẹ́. Roxann ọmọ wọn sì ti sọ ọ́ láìfi bò: bí omi bá tún wọlé, wọ́n á ta ilé náà, wọ́n á kó lọ sílé àwọn arúgbó nítòsí òun. Ardith ò bá a jiyàn. Ìyẹn ló dun Delmar jù.

Ọ̀pá náà mú un dé ìdí ọgbà aládùúgbò. Òpó ọgbà kan ti gún páìpù náà fọ́.

Kayleen Pruitt ló ni ọgbà. Aránṣọ ni; abẹ́ ilé rẹ̀, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́dún yìí, ló ti ń rán aṣọ ìyàwó. Delmar di fìlà mú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó yin ajá rẹ̀, ó tún un yìn, kó tó lè sọ ohun tó bá wá.

“Igi ni ọgbà yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Wenninger, kì í ṣe ẹbí mi,” Kayleen ní. “Ẹ hú u.”

Àwọn méjèèjì ló jọ hú u. Delmar yọ ibi tó fọ́, ó fi tuntun sí i.

Òjò rọ̀. Nígbà tó dá, Delmar fi bàtà inú ilé jáde sẹ́yìn. Ilẹ̀ ò fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ardith ń din ẹyin mọ́ ọ̀dùnkún àná, ó ń kọ orin sínú. Ó ti pẹ́ tó ti kọrin kẹ́yìn. Wọn ò tíì jẹun tán tí Kayleen fi kanlẹ̀kùn.

Ó gbé aṣọ ìyàwó funfun kan lé apá méjèèjì. Ẹrẹ̀ ti mu aṣọ náà dé orúnkún.

“Ara ògiri ni omi gbà wọlé,” ó ní.

Delmar bá a sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ilé rẹ̀ lọ wò ó. Ó yé e. Àwọn tó kọ́ ilé náà ti gé páìpù síbi ìdí ògiri, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n lọ. Òpó ọgbà tó dí ọ̀nà ni kò jẹ́ kí omi dé ibẹ̀. Delmar fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà fún un. Kí wọ́n darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ńkọ́? Wọ́n ti gbé títì sókè nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, àti kòtò ẹ̀bá rẹ̀. Ó ti ga ju páìpù lọ. Omi kì í gun òkè. Dídí páìpù náà nìkan ló kù.

“Ẹ má tíì dí i,” Kayleen ní. “Ẹ jẹ́ ká pe àwọn kan wá wò ó ná.”

“Ta la fẹ́ pè? Àwọn tó gé e?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kayleen. Kò pẹ́ níbẹ̀.

“Omi ilé mi ni,” Delmar ní. “Mi ò lè ní kó máa wá sùn lọ́dọ̀ yín.”

Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ń kó ewé ló ti po sìmẹ́ǹtì. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbi tí òpó ọgbà ti wà, ó ń fi àtàǹpàkò tì í sẹ́nu páìpù, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún. Ardith gbé kóòtù rẹ̀ wá bá a.

“Bàbá àgbà rẹ á bínú.”

“Ó ti kú.”

“Òkú náà ń bínú.”

Ó da kóòtù bò ó léjìká, ó sì dúró tì í títí sìmẹ́ǹtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí omi tún wọlé wọn, ni Delmar àti Ardith ta ilé náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá wọn wà nílé àwọn arúgbó. Iléeṣẹ́ kan ló ń kó ewé ibẹ̀.