Àbúrò mi wo òdòdó mi sàn

Ẹ bá mi kẹ́dùn, òdòdó mi ti rí dókítà.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé e wá láti Àbíjàn nínú ìkòkò. Ewé ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé àti funfun. Ọdún méjì ni mo ti ń fi aṣọ tútù nù ún ní pálọ̀ mi.

Lónìí, Làmídì àbúrò mi, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìsúndunrìn, wá kí mi. Látìgbà tó ti lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí àrùn ewé ẹ̀gẹ́, kò sí ewé tí kì í yẹ̀ wò. Kí n tó rẹ gààrí fún un tán ní kíṣìnì, ó ti gé gbogbo ewé tó ní funfun. Ó ku méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, àrùn ì bá ti pa á! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo yà."

"Làmídì, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Háà, ẹ̀yin tíṣà! Ìwé lẹ kà, èmi ni mo wà lóko."

Ó rẹ̀ mí. Mo fi ẹ̀pà kún gààrí ẹ̀, mo dúpẹ́.

Ọ̀la ni Jímọ̀, ọmọ mi á pè lórí fídíò. Òdòdó ló máa ń kọ́kọ́ kí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òdòdó, ṣé funfun yẹn ṣì máa hù padà, àbí kí n sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa?