Ọ̀rọ̀ Àwọn Gíríìkì àti Rọ́bà Ìyá Ọkọ Mi

Ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ èyí sílẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe bí ìgbì ṣe ń fọ etí òkun ní klúsò, pé inú rẹ̀ ni “clyster”, orúkọ tí àwọn òyìnbó àtijọ́ ń pe rọ́bà tí a fi ń fín omi sí ìdí aláìsàn, ti wá.

Èmi mọ ìgbì yẹn. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe àkọ́bí mi ní Ṣàkẹ́tẹ́, ìyá ọkọ mi bá po omi ata.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi ti tán lára rẹ̀.”

“Ta ló kọ́kọ́ bímọ nínú èmi àtìrẹ?”

Ó fi rọ́bà fín in sí ọmọ náà nídìí tán. Ọmọ náà kò sunkún mọ́, kò sì mí mọ́. Ìyá ọkọ mi na rọ́bà sí mi pé kí n fọ̀ ọ́ wá, ọmọ orogún mi ló kàn.