"Ẹ Kú Iṣẹ́" Tí Bàbá Mi Kò Dáhùn

Ìró ṣéènì ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lánàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ààyè sẹ́yìn ilé mi níhìn-ín ní Ìlaròó, ó ń fi ṣéènì yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà ka ìró yẹn sí nǹkan kan. Ní tèmi tí mo ń dá gbé ilé ńlá, tí àwọn ọmọ wà lókè òkun, tí bàbá wọn sì ti di olóògbé, ńṣe ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń gbọ́ ọ títí ó fi parí. Inú ìró yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ayétòrò ni à ń gbé nígbà náà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi wà, bí a bá lè pe páànù tí wọ́n gbé lé orí òpó ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni àwọn lọ́rì tó ń kó gààrí àti àgbàdo máa ń wá kú sí, Bàbá mi á sì jí wọn dìde. Ìdí-Ìrókò ni ìyá mi ti ń ṣòwò. Ìgbà tí ọjà bá fún un láyè nìkan ló ń wálé, pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn àwọn ará Kùtọnu tí orí rẹ̀ máa ń yọ jáde nínú agbọ̀n. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Bí kì í bá ṣe ti Sìkírá, ọmọ òdìkejì títì, ògiri ni ǹ bá máa bá sọ̀rọ̀. Sìkírá ló máa ń pín búrẹ́dì náà. Á gé e kí tirẹ̀ lè tóbi jù, á wò mí lójú, á rẹ́rìn-ín, á tún gé díẹ̀ padà fún mi.

Bàbá mi fẹ́ràn ṣéènì tó fi ń gbé ẹ́ńjìnnì ju gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ka máńgòrò ni àwọn mẹkáníìkì yòókù ń so tiwọn mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá mi ní ẹ̀ka igi kì í sọ fún ènìyàn kí ó tó dá. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ jó pọ̀ ló ń gbé tirẹ̀ kọ́. Láràárọ̀, kí ó tó fẹnu kan oúnjẹ, á fa ṣéènì náà kọjá láàárín ìka bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà, á máa wá ibi tó bá ti lọ́ tàbí tó ti jẹ. Á wo ìkọ́ rẹ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ ti ń yà. Bí wọ́n bá gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó yí ká, kí wọ́n tó máa fà á lọ. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ: "Fà á." "Ó tó." "Rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Gbogbo ìyẹn dára. Òfin kan tó kù ló kó bá wa: bí ẹrù bá ti wà lókè, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dáhùn ìkíni.

Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. Ẹni tí a kí kò sì gbọdọ̀ panu mọ́, pàápàá bó bá jẹ́ àgbà ló kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá mi ń kọ́ṣẹ́, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ di ẹ́ńjìnnì kan mú kó má baà máa fì. Olóyè kan ń kọjá lọ, ó kí wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni; ó tú ọwọ́ ká, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fì, okùn tí wọ́n fi so ó yọ lẹ́nu ìkọ́, ẹ́ńjìnnì já lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá ló fi rìn títí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá mi ti ṣe òfin yìí fún ara rẹ̀.

"Bàbá Odi" ni aráàlú ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú dọ̀bálẹ̀: á sọ ìpéǹpéjú kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ṣéènì. Bí ẹrù bá délẹ̀ tán, Bàbá mi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn gbogbo ìkíni tó ti kọjá, "Ọ̀ọ̀, ẹ ṣé o, ẹ ṣé o," títí kan ti àwọn tó ti délé tí wọ́n ti ń jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, èmi àti Sìkírá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì ńlá kan wà lókè. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá Sìkírá, ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀ láti Ọjà-Ọ̀dàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ yìí."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó tún kí wọn. "Rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni Bàbá mi wí fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Kò gbójú kúrò lára irin náà. Àwọn àna wo ara wọn.

"Àbí òkú la kí ni?" Bàbá Àgbà di Sìkírá lọ́wọ́ mú, wọ́n sọdá títì.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe jókòó dáadáa sórí pákó ni Bàbá mi fi karosíìnì fọ ọwọ́. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá Àgbà kò pariwo.

"Dìde. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ojú àwọn àna mi lo ti ṣe é. Irin lo mú ní ẹ̀gbọ́n. Kí irin máa kí ọ. Ọmọ mi kò ní dé ọ̀dọ̀ yín mọ́."

Mo bẹ Bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí Sìkírá lè máa wá." Ó gbé mi lé itan, ó ní, "Bí mo bá dá a lóhùn, ta ni mi ò ní dá lóhùn? Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn." Mo sunkún, mo sì kórìíra ṣéènì náà.

Ó gbìyànjú ọgbọ́n kan nítorí mi. Ó ra aṣọ pupa, ó ń gbé e kọ́ sára irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà bí ẹrù bá wà lókè, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù. Aṣọ pupa, lára irin, ní ìlú tiwa! Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti kárí pé Bàbá Odi ti gbé ojúbọ Ògún kalẹ̀, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í fọhùn. Àwọn kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn kúrò níbẹ̀. Bàbá Àgbà, mùsùlùmí gidi, ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi tú aṣọ náà, ó fi nu ọwọ́.

Èmi àti Sìkírá ń ju ọwọ́ síra wa láti òdìkejì títì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ibodè. Ilé wá dákẹ́ pátápátá. Bí ìyá mi bá mú búrẹ́dì dé, mo máa ń jẹ tèmi, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí èyí tó kù.

Ẹsẹ̀ ọmọọṣẹ́ kankan kò kán ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àgbà ti wá dé sí èmi náà, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo yọjú wo mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé mi, àwọn ọlọ́kadà ń sáré kọjá lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i. Bàbá mi ì bá rí ìsinmi láyé ìsinsìnyí. Ìkíni ti dín kù, ẹ́ńjìnnì kò tíì fúyẹ́.

Lẹ́yìn tí àwa méjèèjì ti dàgbà, mo rí Sìkírá lẹ́ẹ̀kan sí i, ní Ìdí-Ìrókò, níbi tó ti ń ta aṣọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọmọ Bàbá Mẹkáníìkì! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ wà dáadáa? Àwọn ọmọ yín ńkọ́?" Kò sí ìkíni tó fò. Mo dá gbogbo rẹ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì dúró, a ń wo ara wa. Ọjọ́ orí wa kan náà, ó sì ń pè mí ní "ẹ". Mo ra aṣọ kan tí n kò nílò, mo wọ ọkọ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó bú mi ni, tó ní, "Ìwọ yìí, ibo lo kú sí látọjọ́ yìí?", ǹ bá mọ̀ pé mo ṣì ní ọ̀rẹ́ kan láyé.