Owú Ìyàwó Tísà

Láti ìgbà ọmọge ni Sìlífátù ti ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Tísà Sàlàkọ́ ni ọkọ rẹ̀. Ní ọdún tí ó wọlé ọkọ, ó bẹ Tísà pé kí ó kọ́ òun ní ìwé. Tísà wo síléètì tí ó mú lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe? Ṣé ẹja lo fẹ́ máa kà á fún?" Sìlífátù náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó dá síléètì náà padà sí àyè rẹ̀, kò sì tún dárúkọ ìwé mọ́. Ó bímọ, ó yan ẹja, ó ń fọ aṣọ funfun tí Tísà ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé, ó ń fi sítáàṣì sí i.

Ọdún tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni Tísà fẹ̀yìntì. Nǹkan kọ́kọ́ sú u. Yóò jí, yóò wẹ̀, yóò múra bí ẹni tí ago ń dúró dè, yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa wo àwọn ewúrẹ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe Sìlífátù. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tísà tó ti fẹ̀yìntì nílùú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, òun ló sì gbé ẹja kalẹ̀ fún ìpàdé wọn àkọ́kọ́. Wọ́n á máa bẹ ara wọn wò bí ara ẹnì kan kò bá yá. Wọ́n á sì máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé lẹ́yìn ìrun Alásárì, ní ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kíláàsì àwọn obìnrin ni wọ́n fún Tísà Sàlàkọ́.

Bí Tísà ṣe bọ̀ sípò nìyẹn. Ó ń jẹun dáadáa, ó ń súfèé. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ni ó ń bá a wálé: Kúlúsúmù, opó kan tí ń ta aṣọ lọ́jà.

"Kúlúsúmù ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ," ni ó wí lọ́jọ́ kan.

"Ó dáa," ni Sìlífátù fèsì, ó sì fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé náà, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Ọwọ́ Tísà wà lórí ọwọ́ Kúlúsúmù, wọ́n jọ mú ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Tísà ń sọ pé, "Rọra. Kò le. Tún un ṣe, a kò kánjú."

Sìlífátù kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Kì í ṣe ọwọ́ tó wà lórí ọwọ́ ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohùn náà ni.

Nígbà tí ó ròyìn rẹ̀ fún Rọ̀kíbátù, aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn bi í léèrè pé, "Àbí Tísà fẹ́ gbé opó yẹn wọlé ni?"

"Bí wọ́n bá gbé e wọlé, mo mọ bí mo ṣe máa kí i káàbọ̀," ni Sìlífátù wí. "Ìwé tí wọ́n ń fi sùúrù kọ́ ọ ló ń dùn mí."

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó wẹ òórùn èéfín kúrò lára, ó wọ kíláàsì náà, ó jókòó.

"Ìyá Mùsílíù," ni Tísà wí, "ta lo fi ẹja sílẹ̀ fún?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Kúlúsúmù sún, ó ní, "Ìyá wa, ẹ máa bọ̀ níbí." Inúure yẹn gún Sìlífátù ju ẹ̀rín lọ. Nígbà tí ó ṣi lẹ́tà kan kọ, Tísà pòṣé: "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ kò sí níbí." Sìlífátù dìde, ó lọ sílé. Ìrù ẹja ni ó bu fún Tísà lálẹ́ ọjọ́ náà, Tísà kò sì bèèrè ibi tí orí wà.

Òwò ẹja a máa gbé Sìlífátù dé Èbúté Ìkòròdú, ilé Mùlíkátù ọmọ rẹ̀ ní Ìpakodò ni ó sì máa ń sùn. Ó gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn tísà àtijọ́ Ìkòròdú náà ń kọ́ni, pé obìnrin kan, Mísìs Fẹ̀hìntọlá, ní kíláàsì lábẹ́ àtíbàbà nítòsí omi. Ó lọ.

"Kí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ?" ni Mísìs bi í.

"Kúlúsúmù."

"Ṣé orúkọ yín nìyẹn?"

"Rárá. Orúkọ ẹnì kan tó ti mọ tirẹ̀ kọ ni."

Mísìs wò ó títí. "Ẹ jẹ́ ká kọ tiyín ná," ni ó wí.

Gbogbo ìgbà tí ẹja bá gbé e lọ ni ó ń dé abẹ́ àtíbàbà náà. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún náà, ẹgbẹ́ Ìkòròdú wá kí ẹgbẹ́ Ẹ̀pẹ́ ní ilé-ìwé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Sìlífátù ń gbé oúnjẹ bọ̀ nígbà tí Mísìs Fẹ̀hìntọlá rí i.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi rèé," ni ó wí. "Ẹ wá ka ti ara pátákó yìí fún wa."

Tísà Sàlàkọ́ gbé ife omi sílẹ̀. Sìlífátù kà á. Ó há síbì kan, Mísìs dákẹ́ dúró dè é, ó sì parí rẹ̀. Kúlúsúmù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Tísà ní, "Ilé tísà lo wà, o wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ìwé ní Ìkòròdú."

"Ilé tísà ni mo ti wà láti ọjọ́ yìí wá, Bàbá Mùsílíù."

Tísà bèèrè pé, "Ṣé Mísìs yẹn mọ̀ ọ́n kọ́ni jù mí lọ ni?"

Sìlífátù wo ojú rẹ̀, ó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí òun náà ti gbé e káàkiri fún ọjọ́ pípẹ́. Ó dùn mọ́ ọn. Ojú tì í díẹ̀ pé ó dùn mọ́ òun, síbẹ̀ adùn náà kò dín.

Tísà ní òun yóò máa kọ́ ọ nílé láràárọ̀. Sìlífátù ní kí ó jẹ́ kí òun parí ìwé tí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mísìs ná. Títí di ìsinsìnyí, bí Kúlúsúmù bá kí i lọ́nà, ó máa ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í là dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń kọ̀wé. Tísà yọjú wò ó láti orí èjìká rẹ̀, ó ní, "Rọra. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yẹn."

"Mísìs Fẹ̀hìntọlá kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Sìlífátù wí, kò sì gbójú sókè.

Tísà ní òun ń lọ wò ó bóyá òjò ń ṣú lójú ọ̀sà.